Àyẹ̀wò Èémí: Bí A Ti Ń Mọ̀ Pé Kòkòrò Inú Agbẹ̀du Ti Kú Tán

Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ọgbẹ́ inú, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ọ́lsà. Àwọn tí ó mọ̀ pé oògùn wà fún un pọ̀ láàárín wa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àwọn aláìsàn sábà máa ń gbàgbé láti bi dókítà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lo oògùn tán: báwo ni a ṣe lè mọ̀ dájú pé kòkòrò tí ó fa àrùn náà ti kú? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a fi àgbẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí inú ti ń run ọkùnrin yìí. Ní òru, nígbà tí oúnjẹ bá ti dà nínú rẹ̀, inú a máa ta á bí ẹni pé a da ata sí ojú egbò. Ó lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé kòkòrò kan ń bẹ nínú agbẹ̀du rẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn tí yóò lò fún ọjọ́ 14. Nígbà tí ó di ọjọ́ karùn-ún, ìrora náà dáwọ́ dúró. Ó jẹ iyán ní ọ̀sán, ó sùn ní òru, kò sí ohun tí ó ṣe é. Ó pe aya rẹ̀, ó ní, “Ìyá àwọn ọmọ, ara mi ti yá. Bá mi tọ́jú èyí tí ó kù nínú oògùn yìí, bóyá yóò wúlò fún ẹlòmíràn lọ́jọ́ iwájú.”

Kò pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà tí ìrora náà padà dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, òòyì sì ń kọ́ ọ nígbà tí ó bá dìde. Aya rẹ̀ bi í pé, “Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ẹ kò wí pé ó ti lọ ni?”

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ìrora ni ó lọ, kòkòrò kò lọ. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

KÒKÒRÒ NÁÀ ÀTI BÍ A TI ṢE RÍ I

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún kòkòrò yìí ni Helicobacter pylori. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i, àfi pẹ̀lú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó lọ́ bí okùn tí a wé. Inú ohun yíyọ̀ bí omi ilá tí ó bo ara agbẹ̀du láti inú ni ó ń fi ṣe ilé.

Fún ọjọ́ pípẹ́, àwọn dókítà gbà pé kòkòrò kankan kò lè gbé inú agbẹ̀du, nítorí pé omi kíkan tí ń bẹ níbẹ̀ le púpọ̀. Wọ́n rò pé àníyàn, ata, àti omi kíkan tí ó pọ̀ jù ni ó ń dá ọgbẹ́ sí inú ènìyàn. Ní 1979, dókítà kan tí ń jẹ́ Robin Warren, ní ilé ìwòsàn Royal Perth ní ilẹ̀ Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ sí rí kòkòrò lílọ́ kan lára ẹran kékeré tí wọ́n já láti inú agbẹ̀du àwọn aláìsàn. Ní 1981, ọ̀dọ́mọdé dókítà kan tí ń jẹ́ Barry Marshall darapọ̀ mọ́ ọn.

Àwọn méjèèjì gbìyànjú láti mú kí kòkòrò náà dàgbà nínú àwo, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ti máa ń ṣe. Ọjọ́ méjì péré ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń dúró. Bí wọn kò bá rí nǹkan, wọn a kó àwo náà dànù. Àwo kan tẹ̀ lé òmíràn, kò sí ohun tí ó hù. Ṣùgbọ́n nígbà ọdún Àjíǹde ti 1982, ìsinmi dé, wọ́n sì fi àwọn àwo kan sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi márùn-ún. Nígbà tí wọ́n padà dé, kòkòrò náà ti hù. Ó ń lọ́ra láti dàgbà ni. Ìkánjú ni kò jẹ́ kí wọ́n rí i láti ìgbà pípẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà sí i.

Nígbà tí àwọn ènìyàn kò tètè gbà wọ́n gbọ́, Marshall fúnra rẹ̀ mu omi tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀ ní 1984. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí bì, wọ́n yẹ agbẹ̀du rẹ̀ wò, wọ́n sì bá kòkòrò náà níbẹ̀ pẹ̀lú inú tí ó ti wú. Ní 2005, a fún òun àti Warren ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yìí.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ní kòkòrò yìí ni í ṣàìsàn. Ọ̀pọ̀ ni ó ń gbé e kiri títí tí wọn kò mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn mìíràn, ó a máa dá ọgbẹ́ sí agbẹ̀du tàbí sí ẹnu ìfun, ọgbẹ́ náà a sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Ní 1994, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ kéde pé kòkòrò yìí wà lára àwọn ohun tí ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn, èyíinì ni jẹjẹrẹ agbẹ̀du. Nítorí náà, bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ sí lé e, ó yẹ kí a lé e dé ibi tí yóò gbà kú.

ÌDÍ TÍ ARA YÍYÁ KÒ FI TÓ Ẹ̀RÍ

Oògùn tí a ń lò fún àrùn yìí pín sí ọ̀nà méjì. Èkínní ni àwọn oògùn apakòkòrò, bíi amoxicillin, clarithromycin, metronidazole tàbí tetracycline. Dókítà a máa pa méjì pọ̀ nínú wọn, nígbà mìíràn pẹ̀lú oògùn bismuth. Èkejì ni oògùn tí ń dín omi kíkan inú kù, bíi omeprazole. Oògùn kejì yìí ni ó tètè ń mú ìrora lọ. Nígbà tí omi kíkan bá dín kù, ọgbẹ́ kò ní rí ohun tí yóò máa ta á, aláìsàn yóò sì rò pé ìwòsàn ti dé, bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò náà lè wà láàyè lábẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà kan tún wà tí ìrora fi ń tan ni jẹ. Ẹlòmíràn wà tí kòkòrò ti kú tán nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí inú ṣì ń run ún, nítorí pé ó ń lo aspirin, ibuprofen àti irú àwọn oògùn ara ríro bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oko. Àwọn oògùn wọ̀nyí pẹ̀lú lè dá ọgbẹ́ sí inú. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tún lọ ra oògùn apakòkòrò, ó ń ná owó rẹ̀ sórí ọ̀tá tí kò sí nílé mọ́. Nítorí náà, bí ìrora bá lọ, kò fi hàn pé kòkòrò ti kú. Bí ó bá sì kù, kò fi hàn pé kòkòrò ṣì wà.

Síwájú sí i, kòkòrò yìí ti ń kọ́ bí a ti ń dúró de oògùn. Ẹni tí ó bá dá oògùn rẹ̀ dúró ní agbede méjì pa àwọn kòkòrò tí kò lágbára, ó sì dá àwọn alágbára sí. Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka irú èyí tí clarithromycin kò ràn mọ́ sí ara àwọn kòkòrò tí a gbọ́dọ̀ tètè wá oògùn tuntun fún. Nítorí èyí, ẹni tí ó lo oògùn rẹ̀ pé pérépéré pàápàá kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé kòkòrò ti kú, àfi bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn kan lè wí pé, “Ẹ jẹ́ kí a tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò.” Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ó ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ ni àmì ìjà tí ara ti bá kòkòrò náà jà. Bí ogun bá ti lọ tán ní ìlú, àpá rẹ̀ kì í tètè parẹ́ lára ògiri. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àmì yìí lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún oṣù púpọ̀, àní fún ọdún, lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Ohun tí a ń fẹ́ ni àyẹ̀wò tí yóò sọ bí ọ̀tá ti wà lónìí.

BÍ ÈÉMÍ TI Ń TÚ ÀṢÍRÍ KÒKÒRÒ

Ohun kan wà nínú ara gbogbo ènìyàn tí a ń pè ní yúríà. Ó wà lára ìdọ̀tí tí ara ń kó jáde, inú ìtọ̀ ni ó sì ń bá jáde. Agbẹ̀du ènìyàn fúnra rẹ̀ kò ní ohun tí ó lè fi ya yúríà sí wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n kòkòrò yìí ní in lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí yúríà bá bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀, yóò yà á sí ọ̀nà méjì. Apá kan yóò di amóníà, èyí tí í ṣe òórùn gbígbóná tí ń gba imú ẹni níbi tí ìtọ̀ bá ti pẹ́ nílẹ̀. Apá kejì yóò di irú afẹ́fẹ́ tí a máa ń mí síta láti inú ẹ̀dọ̀fóró wa. Amóníà yìí ni kòkòrò náà fi ń yí ara rẹ̀ ká, kí omi kíkan má bàa pa á, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi káún pa kíkan ọbẹ̀. Ọgbọ́n tí ó fi ń gbà ara rẹ̀ là gan-an ni àwọn onímọ̀ fi mú un.

Ẹ wo bí wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ṣe yúríà kan tí kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ní àmì, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ àmì sí etí àgùntàn kí a lè mọ̀ ọ́n láàárín agbo. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ni kábọ́ọ̀nù 13, tí ó wúwo díẹ̀ ju kábọ́ọ̀nù lásán lọ, tí kò sì lè pa ẹnikẹ́ni lára. Aláìsàn yóò mu yúríà alámì yìí. Bí kòkòrò bá wà nínú agbẹ̀du rẹ̀, yóò ya yúríà náà; afẹ́fẹ́ alámì yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, aláìsàn yóò sì mí in síta. Bí kòkòrò kò bá sí, kò sí ẹni tí yóò ya yúríà náà, yóò sì bá ìtọ̀ lọ ní odidi. Nípa báyìí, bí a bá rí àmì náà nínú èémí, a mọ̀ pé kòkòrò ń bẹ láàyè nínú ilé.

Ní 1987 ni àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn bí wọ́n ti ń fi kábọ́ọ̀nù 13 ṣe àyẹ̀wò yìí. Láti ìgbà náà ni ó ti tàn ká ayé. Bí a bá ṣe é bí ó ti yẹ, ó ń tọ̀nà ní iye ìgbà tí ó ju 90 lọ nínú 100. Irú mìíràn wà tí a ń fi kábọ́ọ̀nù 14 ṣe. Ìyẹn ní ìtànṣán díẹ̀ nínú, nítorí náà a kì í lò ó fún aboyún àti ọmọdé.

BÍ A TI Ń ṢE ÀYẸ̀WÒ NÁÀ

Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, a kì í sì í ti rọ́bà bọ ọ̀nà ọ̀fun ẹnikẹ́ni. Bí a ti máa ń ṣe é nìyí:

1. Aláìsàn yóò wá láìjẹun, fún iye wákàtí tí ilé ìwòsàn bá sọ fún un. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn a máa ní kí ó wá ní òwúrọ̀ kí ó tó fi ohunkóhun kan ẹnu. Kò gbọdọ̀ mu sìgá pẹ̀lú.

2. Yóò mí sínú àpò tàbí ìgò kékeré kan, wọn yóò sì dé e pa. Èyí ni èémí àkọ́kọ́, tí a óò fi wé ti ìkẹyìn.

3. Wọn yóò fún un ní yúríà alámì mu, pẹ̀lú omi tí ó kan díẹ̀ bí omi ọsàn.

4. Yóò jókòó jẹ́jẹ́ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹun, kò gbọdọ̀ mu nǹkan mìíràn.

5. Yóò tún mí sínú àpò kejì. Ẹ̀rọ yóò fi èémí méjèèjì wé ara wọn, yóò sì sọ bí àmì ti pọ̀ sí i tàbí bí kò ti pọ̀ sí i.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ń gbà kì í sábà ju wákàtí kan lọ.

Ọ̀SẸ̀ 4 TÍ A GBỌ́DỌ̀ DÚRÓ

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Wọn a lo oògùn tán ní ọjọ́ Àìkú, wọn a sì fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ní ọjọ́ Ajé. Àyẹ̀wò tí a bá kánjú ṣe lè pe kòkòrò tí ó wà láàyè ní òkú.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ èkan dáadáa. Bí a bá fi ọkọ́ ro oko tí èkan bò, ní ọjọ́ kejì oko náà a mọ́ féfé. Ẹni tí ó bá ń kọjá lọ lè wí pé èkan ti tán. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó gbọ́n yóò dúró kí òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá kù sínú ilẹ̀, yóò hù. Bí kò bá hù, nígbà náà ni ó tó lè wí pé òun ti bọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí pẹ̀lú kòkòrò yìí. Oògùn lè dín in kù dé ibi tí èémí kò fi ní fi í hàn, kí ìyókù tí ó kù sì tún pọ̀ sí i lẹ́yìn náà. Ẹ rántí àwọn àwo tí wọ́n ń kó dànù lẹ́yìn ọjọ́ méjì ní Perth.

Nítorí náà, àwọn dókítà fi òfin méjì lélẹ̀. Èkínní: ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ 4 gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn tí a bá ti lo oògùn apakòkòrò àti bismuth kẹ́yìn, kí a tó ṣe àyẹ̀wò. Bí a bá lo oògùn apakòkòrò nítorí àìsàn mìíràn láàárín àkókò yìí, ẹ sọ fún dókítà, nítorí a gbọ́dọ̀ tún ọjọ́ kà. Èkejì: oògùn tí ń dín omi kíkan kù gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú àyẹ̀wò, nítorí ó lè mú kí kòkòrò fara pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ ti ṣẹ̀jẹ̀ rí kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ léèrè.

BÍ ÈSÌ BÁ JÁDE

Bí èémí bá fi hàn pé kòkòrò ti kú, kí a dúpẹ́, kí a sì tọ́jú ìwé èsì náà. Ó dára láti máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ àti ṣáájú oúnjẹ, kí a máa mu omi tí ó mọ́, kí a má sì máa fi ẹnu jẹ oúnjẹ kí a tó fi í sí ẹnu ọmọ, nítorí ìgbà èwe, nínú ilé, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kó kòkòrò yìí.

Bí èémí bá fi hàn pé ó ṣì wà, kí aláìsàn má ṣe bọ́hùn, kí ó má sì ṣe lọ sí ìsọ̀ olóògùn láti tún ra oògùn àkọ́kọ́ náà. Oògùn tí kò lè pa á lẹ́ẹ̀kíní kò dájú pé yóò pa á lẹ́ẹ̀kejì. Dókítà yóò yan àwọn mìíràn, yóò sì tún àyẹ̀wò ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4.

Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ni ó ní ẹ̀rọ èémí yìí. Níbi tí kò bá sí, ẹ béèrè àyẹ̀wò ìgbẹ́ tí ń wá ara kòkòrò náà gan-an. Òun pẹ̀lú ń sọ bí kòkòrò ti wà lónìí, òfin ìdúró méjèèjì sì kàn án bákan náà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń bi ẹ̀jẹ̀, tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, tí ó ń rù láìnídìí, tàbí tí oúnjẹ kò lọ dáadáa ní ọ̀fun rẹ̀, kò gbọdọ̀ dúró de àyẹ̀wò èémí. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ wa. Wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúró, wọ́n sì fún un ní oògùn mìíràn fún ọjọ́ 14. Nọ́ọ̀sì wí fún un pé, “Bàbá, ẹ lo gbogbo rẹ̀ tán o, bí ara yín tilẹ̀ yá lọ́la. Lẹ́yìn náà, bí dókítà bá ti sọ ọjọ́ fún yín, ẹ padà wá mí sínú àpò fún wa.”

Àgbẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ mi, èémí mi ni ẹ tún fẹ́ gbà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ara yín ti sọ fún yín nígbà kan rí pé ó ti yá. Lọ́tẹ̀ yìí, a fẹ́ gbọ́ ti èémí yín.”

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó mú kí ìrora àgbẹ̀ náà lọ ní ọjọ́ karùn-ún, nígbà tí kòkòrò kò tíì kú?

2. Èé ṣe tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò fi lè sọ bóyá ìtọ́jú ti ṣiṣẹ́?

3. Ọ̀nà wo ni yúríà alámì ń gbà dé inú èémí?

4. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni a gbọ́dọ̀ dúró lẹ́yìn oògùn apakòkòrò, mélòó sì ni lẹ́yìn oògùn tí ń dín omi kíkan kù?

5. Ta ni nínú ilé yín tí ó ti lo oògùn ọgbẹ́ inú rí, tí kò padà lọ fún àyẹ̀wò? Kí ni ẹ óò sọ fún un nígbà tí ẹ bá délé lónìí?